Ìtọ́jú Eyín Àtọwọ́dá

Nígbà tí eyín bá ká lẹ́nu àgbàlagbà, tàbí tí ìṣubú láti orí alùpùpù bá ṣẹ́ eyín iwájú ọ̀dọ́ kan, ẹwà nìkan kọ́ ni ó bá a lọ. Ẹran a di ohun tí ẹni náà ń wò nínú àwo tí kò lè jẹ; àgbàdo sísun a di èèwọ̀ fún un; ọ̀rọ̀ mìíràn a sì máa sá mọ́ ọn lẹ́nu bí ó bá ń sọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú àti ní abúlé ṣe ń lo eyín àtọwọ́dá. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, owó kékeré kọ́ ni a sì fi ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní in gbà pé, níwọ̀n ìgbà tí kì í ti í ṣe ẹran ara, kò lè dun ni, kò lè kẹ̀, kò sì nílò ìtọ́jú. Òtítọ́ ni pé eyín àtọwọ́dá kì í kẹ̀. Ẹnu tí a fi í sí ni í kẹ̀, ara tí ó sì ni ẹnu náà ni í ṣàìsàn. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí ń ṣàlàyé bí ó ti yẹ kí a máa tọ́jú eyín náà, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ó sùn sí ẹnu ẹni mọ́jú.

OHUN TÍ A FI Ń ṢE É

Ó ti pẹ́ tí ènìyàn ti ń wá ohun tí yóò rọ́pò eyín tí ó ti ká. George Washington, tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1789, kò ní ju eyín kan ṣoṣo ti ara rẹ̀ lọ ní ọdún náà. Àwọn kan a máa sọ pé igi ni a fi gbẹ́ eyín àtọwọ́dá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín ènìyàn, eyín erinmi àti irin wà lára ohun tí a tò pọ̀ fún un. Nígbà tí ó di ọdún 1839, Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà kan náà, rí ọ̀nà láti fi imí-ọjọ́ àti iná sọ oje igi rọ́bà di ohun tí ó le. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí àwọn oníṣègùn eyín bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà líle ṣe ìdí tí eyín àtọwọ́dá ń jókòó lé. Láti nǹkan bí ọdún 1937 ni ike kan tí à ń pè ní acrylic ti gba ipò rọ́bà. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù lọ títí di òní, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì ṣeé pa láró kí ó jọ erìgì, èyíinì ni ẹran ìdí eyín.

Ìwà mẹ́ta ni ike yìí ní tí ó yẹ kí ẹni tí ń lò ó mọ̀. Èkíní, kò fẹ́ omi gbígbóná; bí ooru bá mú un, a máa tẹ̀, kì í sì í padà bá ẹnu mu mọ́. Èkejì, kò fẹ́ gbígbẹ; bí a bá gbé e sílẹ̀ láìsí omi, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, a máa fún díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta, kò le tó eyín tí a bí mọ́ ni. Ohun tí ó bá rí yanrinyanrin a máa họ ọ́ lára. Ẹni tí ó bá fi ìwà mẹ́ta yìí sọ́kàn ti mọ ìdajì ìtọ́jú eyín àtọwọ́dá.

ÈÉRÍ TÍ OJÚ KÒ RÍ

Bí ènìyàn bá jẹun tán, itọ́ àti oúnjẹ a máa lẹ̀ mọ́ ara eyín àtọwọ́dá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń lẹ̀ mọ́ eyín tí a bí mọ́ ni. Láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí a máa pọ̀ sí i lórí rẹ̀, wọn a sì dà bí ohun tí ń yọ̀ bí a bá fi ọwọ́ kàn án. Bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́, èérí náà a máa le bí òkúta, búrọ́ọ̀ṣì kò sì ní lè ká a kúrò mọ́.

Nínú àwọn kòkòrò náà ni oríṣi èbu kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Candida wà. Ó máa ń gbé ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn láìṣe wọ́n ní ibi. Ṣùgbọ́n lábẹ́ eyín àtọwọ́dá tí a kì í yọ, níbi tí itọ́ kò ti lè ṣàn dé dáradára, a máa rí àyè gbilẹ̀. Nígbà náà ni àjà ẹnu a pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ibi tí ó pọ́n náà a sì rí gẹ́gẹ́ bí eyín náà ti rí gan-an. Nígbà mìíràn, igun ẹnu méjèèjì a là, a sì máa ta ni bí ata bá kàn án. Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé àjà ẹnu tí ó pọ́n yìí kì í sábà dun ni. Ẹni náà kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, àyàfi bí ó bá yọ eyín náà kí ó sì fi dígí wo ẹnu rẹ̀. Àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ àti àwọn tí ń mu tábà ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù, nítorí pé àrùn yìí máa ń tètè ràn mọ́ wọn.

ÌFỌ̀ OJOOJÚMỌ́

Ìfọ̀ eyín àtọwọ́dá kò ná ni ní owó púpọ̀. Àwọn ohun tí a nílò ni búrọ́ọ̀ṣì kan tí irun rẹ̀ rọ̀, tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà, ọṣẹ olómi díẹ̀ irú èyí tí a fi ń fọ abọ́, àti omi mímọ́ tí ó tutù tàbí tí ó kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́. Báyìí ni kí a ṣe é:

1. Lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí a yọ eyín náà, kí a fi omi ṣàn án, kí a sì fi omi yọ ẹnu kí a tó dá a padà.

2. Ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ó kéré tán, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ gbogbo ara rẹ̀. Alẹ́ ni ó dára jù. Kí a má fọ iwájú tí àwọn ènìyàn ń rí nìkan. Ẹ̀yìn tí ó ń kan erìgì ni èérí pọ̀ sí jù lọ.

3. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a bu omi sí abọ́ títí dé ìdajì, tàbí kí a tẹ́ aṣọ ìnura sílẹ̀, kí a sì máa fọ eyín náà lókè rẹ̀. Ọṣẹ a máa mú kí ọwọ́ yọ̀. Eyín tí ó bá bọ́ sórí sìmẹ́ńtì lè dá sí méjì. Bí ó bá bọ́ sínú omi, kò ní fọ́.

4. Kí a ṣàn án títí ọṣẹ yóò fi tán lára rẹ̀.

5. Lẹ́yìn náà kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ mìíràn tàbí aṣọ mímọ́ tí ó tutù nu erìgì, àjà ẹnu àti ahọ́n. Ẹni tí ó bá ṣẹ́ku eyín tirẹ̀ lẹ́nu gbọ́dọ̀ máa fọ ìwọ̀nyí dáradára, nítorí pé àwọn ni eyín àtọwọ́dá ń fara tì.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A FI FỌ̀ Ọ́

Orín jíjẹ dára fún eyín tí a bí mọ́ ni, àwọn baba wa sì mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi orín fá ara eyín àtọwọ́dá, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi éédú, iyanrìn, eérú tàbí iyọ̀ gbo ó. Gbogbo ìwọ̀nyí ni í họ ike lára. Ojú ihò tínńtín tí wọ́n bá fà sílẹ̀ ni kòkòrò ń bá wọlé, tí búrọ́ọ̀ṣì kò sì ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Ọṣẹ ìfọyín tí a ń fún láti inú rọ́bà pàápàá kò yẹ ẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ohun líle tí a fi ń dán eyín.

Àwọn kan a máa se eyín wọn nínú omi híhó ní èrò pé iná yóò pa kòkòrò. Òótọ́ ni pé iná a máa pa kòkòrò, ṣùgbọ́n yóò ba eyín náà jẹ́ pẹ̀lú, owó tí a fi ṣe é yóò sì ṣòfò. Àwọn mìíràn a máa rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì tí a fi ń sọ aṣọ di funfun. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ eyín ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde pé eyín àtọwọ́dá kò gbọdọ̀ wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Bí irin tàbí wáyà bá wà lára eyín náà, bílíìṣì yóò jẹ ẹ́. Ó sàn kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò láìgba ìmọ̀ràn oníṣègùn eyín.

Oògùn oníhóró kan tún wà tí ń hó bí a bá sọ ọ́ sínú omi, tí a ṣe fún rírẹ eyín àtọwọ́dá. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò búrọ́ọ̀ṣì. Inú abọ́ ni a ti ń lò ó. Kò gbọdọ̀ dé ẹnu rárá. Kí a gbé e kúrò níbi tí ọmọdé lè rí i, nítorí pé ó jọ midinmíìdìn lójú wọn. Lẹ́yìn tí a bá yọ eyín kúrò nínú rẹ̀, kí a ṣàn án dáradára kí ó tó padà sí ẹnu.

ÌDÍ TÍ Ó FI YẸ KÍ A YỌ Ọ́ LÁLẸ́

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gbọ́. Ẹlòmíràn kò fẹ́ kí ọkọ tàbí aya òun rí òun láìsí eyín. Ẹlòmíràn sì ń bẹ̀rù pé iná lè jó lóru tàbí kí àlejò dé, kí òun sì sáré jáde láìní eyín lẹ́nu. Ìtìjú yìí yéni. Ṣùgbọ́n ewu tí ó wà nínú kí eyín sùn sí ẹnu ju ìtìjú lọ.

Bí ènìyàn bá sùn, itọ́ rẹ̀ a dínkù, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa ṣàn wọ inú ẹ̀dọ̀fóró láìmọ̀. Bí itọ́ náà bá kún fún kòkòrò láti ara eyín tí a kò fọ̀, ó lè di òtútù àyà. Ara ọ̀dọ́ lè jà, kí ó sì ṣẹ́gun. Ara àgbàlagbà lè má lè ṣe é. Ní ilẹ̀ Jàpáánì, àwọn onímọ̀ ṣọ́ àgbàlagbà 524 tí ọjọ́ orí wọn tó ọdún 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọdún 3. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, wọ́n rí i pé àwọn tí ń gbé eyín àtọwọ́dá sùn wà nínú ewu òtútù àyà tí ń gbé ni lọ sí ilé ìwòsàn tàbí tí ń pa ni, ní ìwọ̀n tí ó ju ìlọ́po méjì ti àwọn ìyókù lọ. A rí i pẹ̀lú pé èérí pọ̀ ní ahọ́n wọn àti lára eyín wọn ju ti àwọn tí ń yọ tiwọn lọ.

Yàtọ̀ sí èyí, erìgì náà ń fẹ́ ìsinmi. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni eyín àtọwọ́dá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ tí ó wọ bàtà lójúmọ́ ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni erìgì ń fẹ́ kí itọ́ fọ òun, kí ẹ̀jẹ̀ sì rìn dáradára nínú òun. Bí a bá yọ eyín náà tí a sì fọ̀ ọ́ tán, kí a fi í sínú abọ́ tí ó ní ọmọrí, kí omi tútù sì bò ó mọ́lẹ̀. Kí a má ṣe lo ife tí a fi ń mu omi, kí ẹlòmíràn má bàa gbé e mu nínú òkùnkùn. Ní àárọ̀, kí a da omi náà nù, kí a sì ṣàn eyín náà kí a tó fi í sí ẹnu.

Ẹni kan ni òfin yìí kò kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ẹni tí dókítà yọ eyín fún, tí ó sì fi eyín àtọwọ́dá sí i lẹ́nu ní ọjọ́ kan náà. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé àṣẹ dókítà rẹ̀ nípa ìgbà tí yóò kọ́kọ́ yọ ọ́.

EYÍN KÉKERÉ TÍ A LÈ GBÉ MÌ

Kì í ṣe gbogbo eyín àtọwọ́dá ni ó kún ẹnu. Ọ̀pọ̀ ni ó ní eyín kan tàbí méjì péré lórí ike pẹlẹbẹ. Irú èyí rọrùn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tú, a lè gbé e mì pẹ̀lú òkèlè tàbí lójú oorun. Ó lè há sí ọ̀nà ọ̀fun kí ó sì ya á. Ike acrylic kì í sì í hàn dáradára nínú àwòrán X-ray, nítorí náà oníṣègùn lè wò ó títí kí ó má rí i.

Ní ọdún 2019, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìtàn ọkùnrin ẹni ọdún 72 kan jáde, ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún. A kò yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀, tí ó ní eyín iwájú 3 lórí irin, kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó ti sùn lọ, eyín náà bọ́ wọ inú ọ̀fun rẹ̀. Ọjọ́ 8 ni ó fi wà níbẹ̀, tí ó ń pọ ẹ̀jẹ̀, tí kò sì lè gbé oúnjẹ líle mì, kí a tó mọ ohun tí ó fà á. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé, bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí òun tàbí ẹbí rẹ̀ sọ fún dókítà àti nọ́ọ̀sì pé eyín àtọwọ́dá wà lẹ́nu òun, kí wọ́n má ṣe dúró de ìbéèrè.

IKE TÍ ÀWỌN Ọ̀DỌ́ FI Ń TO EYÍN

Ní àwọn ìlú ńlá, a ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí eyín wọn wọ́, tí wọ́n sì ń fi ike kan tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì bò ó kí ó lè tò. Ilé iṣẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ ní California ní ọdún 1997 ni ó sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ káàkiri ayé. Ike kọ̀ọ̀kan a máa ti eyín sún díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní ti ìfọ̀, òfin kan náà ni ó dè é: omi tútù, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ọṣẹ díẹ̀, kí omi gbígbóná má sì kàn án. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí eyín àtọwọ́dá ni pé ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu fún wákàtí 20 sí 22 lójúmọ́, pẹ̀lú òru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eyín kò ní sún. Nígbà oúnjẹ ni a ń yọ ọ́, inú páálí rẹ̀ ni a sì ń fi í sí. Ẹni tí ó bá wé e sínú ìwé pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ yóò bá a ní orí ààtàn. Omi lásán nìkan ni a lè mu nígbà tí ó bá wà lẹ́nu. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ó bá há sí abẹ́ rẹ̀ yóò máa jẹ eyín tí a bí mọ́ ni títí yóò fi kẹ̀.

NÍGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A LỌ RÍ DÓKÍTÀ EYÍN

Lẹ́yìn tí eyín bá ti kúrò, egungun tí ó gbé e ró a máa fún lọ díẹ̀díẹ̀ ní ọdọọdún. Ìdí nìyí tí eyín àtọwọ́dá tí ó mú ẹnu gírígírí ní ọdún àkọ́kọ́ fi ń mì lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Eyín tí ń mì a máa gún erìgì, a sì máa dá egbò sí i. Kí a má ṣe fi gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà lẹ ẹ́ bí ó bá ṣẹ́, kí a má sì fi ọ̀bẹ fá a bí ó bá ń gún ni. Oró wà nínú gọ́ọ̀mù náà, eyín tí a sì fi ọwọ́ ara ẹni tún ṣe kì í sábà bá ẹnu mu mọ́.

Ó yẹ kí ẹni tí ń lo eyín àtọwọ́dá lọ fi ẹnu han dókítà eyín ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, bí nǹkan kò tilẹ̀ dùn ún. Egbò ẹnu tí kò bá san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 kò ṣe é fojú fò dá, nítorí pé ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ, èyí tí ó ṣeé wò bí a bá tètè mú un lọ. Àwọn dókítà eyín wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó. Wọ́n sì wà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba mìíràn.

IṢẸ́ ÀWỌN ỌMỌ

Àwọn àgbà ní, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Baba tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí ìyá tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ lè má lè fọ eyín àtọwọ́dá fúnra rẹ̀, ó sì lè máa tijú láti bẹ ọmọ. Kí ọmọ má dúró de ìgbà tí a óò bẹ̀ ẹ́. Kí ó gbé abọ́ omi wá lálẹ́, kí ó gba eyín náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì wo àjà ẹnu òbí rẹ̀ bóyá ó pọ́n. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Ó lè gba àgbàlagbà lọ́wọ́ ikọ́ tí ì bá dá a dùbúlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìwà mẹ́ta tí ike acrylic ní, báwo sì ni a ṣe ń fi wọ́n sọ́kàn bí a bá ń fọ eyín àtọwọ́dá?

2. Kí ni ìdí tí orín fi dára fún eyín tí a bí mọ́ ni, tí kò sì dára fún eyín àtọwọ́dá?

3. Báwo ni èérí ara eyín ṣe lè di òtútù àyà fún ẹni tí ó sùn?

4. Kí ni ó yẹ kí a sọ fún nọ́ọ̀sì kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kí sì ni ìdí rẹ̀?

5. Nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan, ta ni ó ń lo eyín àtọwọ́dá, ta ni ó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti fọ̀ ọ́?